Ẹni Tí Kò Pariwo

Bí mo bá wọ yàrá kan tí mo bá iná tó ń tàn lórí àga òfìfo, inú máa ń bí mi. Ọkọ mi ní àìsàn ni. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, oòrùn ni màá kọ́kọ́ pa. Ẹ jẹ́ kó máa wí. Àìsàn yẹn náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń rán bàtà fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun: àwọn mọlémọlé, àwọn panápaná, àwọn aláàárù.

Èmi kì í rán bàtà o. Sáfà ni mò ń tọ́jú, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ímeèlì gbogbo ilé-iṣẹ́ wọlé, tó ń pín in fún oníkálukú, tó sì ń gbé èyí tí wọ́n bá kọ jáde. Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó awọ sí ni wọ́n kó èmi àti òun sí. Bí mo bá délé, ọkọ mi á ní, "Màlúù ti wọlé." Ní ibi iṣẹ́, Ìyá Lẹ́tà ni wọ́n ń pè mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́dún yìí, àwọn adójútòfò ilé-iṣẹ́ wa kọ̀wé pé àwọn máa rán ayẹ̀wéwò kan wá. Wọ́n ní kí gbogbo ohun tí a kò lò lórí sáfà ti di títì kó tó dé. Ọ̀gá wa pè mí, ó na ìwé náà sí mi bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Mi ò jẹ́ kó rí i pé inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìdí sáfà, ẹ gbọ́ mi. Bí wọ́n bá ta irú nǹkan yìí fún èèyàn, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀, kí oníbàárà má baà sọ pé ohun kan ò ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà fún lẹ́tà tó ń wọlé, òmíràn fún èyí tó ń jáde, òmíràn fún kàlẹ́ńdà, òmíràn fún fáàsì tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́. Mọ́kànlá ló ṣí lórí tiwa, mẹ́ta péré là ń lò. Àwọn olè tó wà káàkiri ayé ò sì ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tọ̀sán tòru, bóyá ọ̀kan á yẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa kàn ń yán ni.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń lò? Ẹ má bi àwọn òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn ń lò, nítorí ẹ̀rù. Baba Wáyà ló kọ́ mi ní ọ̀nà tiwa. Òun ló to sáfà yìí, òun ló sì gbà mí síṣẹ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. A jọ ṣe é fún ọdún mẹ́jọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Má bi ẹnì kan. Tì í. Kó o wá jókòó, kó o máa retí ẹni tó máa pariwo. Tí ọjọ́ méje bá pé tí o ò gbọ́ ariwo, ó ti kú nìyẹn, kó o sin ín." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin tí a ń tẹ̀ lé nìyẹn, kò sì já wa kulẹ̀ rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo ti ilẹ̀kùn fáàsì, kẹ́kẹ́ pa. Mo ti ti kàlẹ́ńdà, kò sẹ́ni tó yí ọrùn. Mo ti èyí tí wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ láti tábìlì sí tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ò pé tí èèyàn mẹ́ta ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, méjì nínú wọn sì ti sọ ní ìpàdé pé àwọn kì í fi àkókò iṣẹ́ ṣeré. Ọ̀gá àwọn agé-awọ ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Ó ní, "Ìyá Lẹ́tà, ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Mo ní, "Ta ni mo pa? Ṣebí ẹ ní ẹ kì í lò ó?"

Ó ní, "A kì í lò ó, àmọ́ a nílò rẹ̀."

Mo ṣí i padà fún wọn, mo kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ kan náà, mo ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tó jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà ayé ọjọ́un. Kọ̀ǹpútà tó bá gba ibẹ̀ wọlé á kó gbogbo lẹ́tà inú àpótí olúwarẹ̀ lọ sílé pátá, kò ní ṣẹ́ ẹyọ kan kù sórí sáfà. Pásíwọ́ọ̀dù á sì gba ibẹ̀ kọjá ní ìhòòhò, kẹ́ni tó bá wà lójú ọ̀nà máa wò ó. Bí ewu kan bá wà nínú ilé wa, ilẹ̀kùn yìí ni.

Kí n tó tì í, mo yẹ àwọn àpótí lẹ́tà wò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ń gba ilẹ̀kùn tuntun. Ó ku àpótí kan tí orúkọ èèyàn ò sí lórí rẹ̀, "Ìtọ́jú" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣí i, ó ṣófo. Mo ní òfìfo àpótí, ta ló ń lò ó? Mo kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó bá ń kó lẹ́tà rẹ̀ lójoojúmọ́ ni àpótí rẹ̀ máa ń ṣófo.

Ọjọ́ méje pé. Kò sẹ́ni tó pariwo lórí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo fa ìlà sí i lára nínú ìwé mi, mo sì lọ mu tíì.

Ní ọjọ́ kejì tíì yẹn, ìyẹn ọjọ́rú, tó ku ọjọ́ méjì kí ayẹ̀wéwò dé, mo jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Sáfà máa ń kọ gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn sílẹ̀: àkókò, àti nọ́ńbà ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti wá. Mo fẹ́ mọ iye olè tó ń kan èyí tí mo ti tì, kí n lè rí nǹkan fi ṣe fáàrí níwájú ayẹ̀wéwò. Olè kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan o, ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan ni, gbàgbàgbà. Àárín ariwo yẹn ni mo ti rí ẹnì kan tó kàn án lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ péré, tó sì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí. Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ku ogún. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ku ogún. Mo ní olè wo ló níwà tó báyìí? Mo wo nọ́ńbà ìlà náà, ojú mi mọ̀ ọ́n. Mo fa ìwé pélébé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀ mi, ìwé tí èmi fúnra mi kọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń san owó ìlà fún àwọn ọ̀gá nílé. Ilé Baba Wáyà ni.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà wa máa ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ láràárọ̀: bí ó ṣe sùn, bí inú rẹ̀ ṣe kún tó, lẹ́tà mélòó ló wọlé, mélòó ló há. Baba Wáyà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kan ń wá sọ́dọ̀ mi, èmi sì ń pa á rẹ́ láìkà á, ìyẹn ni mo fi ń jẹ̀bi. Ẹ̀dà kejì ń lọ sínú "Ìtọ́jú". Láti ọdún mọ́kànlá tí ọkùnrin yìí ti fẹ̀yìn tì, ó ń dìde ní ìdájí kó lè ka bí sáfà ṣe sùn.

Mo sì rántí àwọn ìpè rẹ̀. Oṣù kan ò lè lọ kó má pè mí: "Ìyá Lẹ́tà, ṣé o ti wo ikùn ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?" Màá wò ó, màá bá a tó ti fẹ́ẹ̀ bẹ́. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ara bàbá yẹn ló máa ń sọ fún un. Ara wo? Ó ń kà á ni. Kò pè mí nítorí ohun mìíràn rí, kò kí mi kú ọdún, kò bi mí nípa ọmọ. Ikùn ẹ̀rọ ni, kó sì gbé fóònù sílẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn àwọn ìpè yẹn ju bí mo ṣe lè wí lọ. Bàbá tèmi ti kú kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Baba Wáyà sì ni ẹni tó kù láyé tó lè pè mí kó bá mi wí.

Mo wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Mo ń wo àkọsílẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ẹtì, kò kàn án ní ìdájí. Ó di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ kọjá ogún. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí. Ọjọ́rú tí a wà yìí, kò sí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ẹni tó ti ń dìde ní aago kan náà fún ogún ọdún, tí kò wá lè dìde mọ́, tó ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́, tí a ò sì wá gbúròó rẹ̀ mọ́. Kí lẹ̀ bá rò? Mo pe fóònù rẹ̀, ó dún títí, kò gbé e. Mo pe ti ìyàwó rẹ̀, ó wà ní pípa. Mo gbé kọ̀ǹpútà àgbéká mi, mo sọ fún ọ̀gá àwọn agé-awọ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ti jáde, mi ò sì dúró gbọ́ ohun tó ní í sọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń bá ara mi jà. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ tí o ò lè rí iná kó o má pa á." Obìnrin tó jókòó tì mí súnra kúrò díẹ̀. Ilé wọn wà lórí àjà kẹta, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, ó ń yọ̀. Mo gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣí i. Agbẹ̀bí ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rí onírúurú èèyàn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò yà á lẹ́nu. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi.

"Kì í ṣe oyún," ló wí. "Wọlé."

Mo wọlé. Baba Wáyà ló jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ, nínú aṣọ ìsùn, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá, irun rẹ̀ dúró ní apá kan, ẹyin díndín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ta ló kú?"

Mo ní, "Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Ó ronú sí i. "Rárá," ló wí, ó sì tún mú búrẹ́dì kan.

Mo fi ìdí lé àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, lẹ́yìn náà mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́. Màmá gbé omi fún mi. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bẹ Baba Wáyà. Mo sọ nípa ayẹ̀wéwò, nípa àpótí òfìfo, nípa àkọsílẹ̀ àti bí àkókò tó ń kàn án ṣe ń sún. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo tì í," ló wí. "Ọjọ́ kìíní, mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́. Ọjọ́ kejì, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ni. Ó dùn mí o. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, ó dùn mí gan-an."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa retí ẹni tó máa pariwo?"

"Tí mo bá pariwo ńkọ́? Ṣé o ò ní ṣí i fún mi?"

Àwa méjèèjì mọ̀ pé ǹ bá ti ṣí i kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ó dáa," ló wí. "Gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, lẹ́tà gbogbo wọn, ìwọ á wá dá ihò sí ògiri nítorí arúgbó kan tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ sùn dáadáa. Ìkọ́kúkọ̀ọ́ wo ni mo kọ́ ẹ nígbà náà? Ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́. Mo ní màá máa kàn án lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ títí yóò fi kúrò lọ́kàn mi."

"Ó sì ti kúrò?"

Màmá ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún méjìlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ," ló wí, "mi ò mọ̀ pé ọkùnrin yìí máa ń hanrun. Mi ò bá a lórí ibùsùn láràárọ̀ rí kí n tó lè mọ̀! Lánàá, aago méje ti lù, ó ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ìyá Lẹ́tà, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Mi ò hanrun," ni Baba Wáyà wí.

"Ṣé kí n bi àwọn ará ilé ìsàlẹ̀?"

Wọ́n ní àwọn rìn lọ sí etí omi kí n tó dé, àwọn sì gbàgbé fóònù sílé. Ó padà wá tún wọ aṣọ ìsùn, nítorí kò sí ohun tó ń lé e. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì, láàárín àwo ẹyin àti ìkòkò tíì. Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀kùn tuntun wà, ó ní ìbòrí, olè ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, màá tò ó sórí fóònù rẹ̀, ìròyìn á sì tún máa dé láràárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Màmá kàn ń yí ṣíbí nínú ife rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ṣúgà sí i.

"Má tò ó," ni Baba Wáyà wí. "Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ó yẹ kó o ti pa àpótí yẹn rẹ́ láti ọjọ́ tí mo kúrò. Tí ayẹ̀wéwò yẹn bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ nìyẹn. Pa á rẹ́."

"Báyìí?"

"Níṣojú mi."

Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni mo ti fọwọ́ kàn lọ́sẹ̀ náà, kò sí èyí tó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Èyí gbà mí tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi dìde lọ fi omi mìíràn sórí iná. Mo yan "Ìtọ́jú". Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo ojú Baba Wáyà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ó kù díẹ̀ kó o dára," ló wí. Láti ẹnu rẹ̀, oríyìn ńlá nìyẹn.

Inú mi dùn nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀. Ó yè, ara rẹ̀ yá, kò bínú sí mi. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan wá gún mi. Ikùn ẹ̀rọ nìkan ló ń mú bàbá yìí pè mí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló tún máa pè mí sọ? Òun ti rí ìyàwó rẹ̀ padà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo pàdánù. Mo dúró síbẹ̀, bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú mi, mi ò wọ̀ ọ́.

Ayẹ̀wéwò dé lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ń fi ìka tọ ìlà ìwé. Lóòótọ́, ìbéèrè kìíní ẹnu rẹ̀ ni àpótí àwọn tó ti kúrò níbi iṣẹ́. Mo ní kò sí. Ó wò ó, kò sí. Ó fọwọ́ sí ìwé wa kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá wa sì ra bísíkíìtì fún gbogbo ilé.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń ka ìròyìn òwúrọ̀, láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa kà á. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Baba Wáyà ò pè. Mo fẹ́ pè é, mo rò ó wò pé kí ni màá sọ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Àwa méjèèjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù mi dún, mo rí orúkọ rẹ̀. Kí n tó gbé e, ọwọ́ mi ti lọ sórí ìròyìn, mò ń fi ojú wá ohun tí mo fò.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́."

"Ikùn rẹ̀ ò kún o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Kò sí lẹ́tà kankan tó há."

"Ṣé mo bi ẹ́ nípa ikùn ẹ̀rọ ni?" Mò ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń fọ àwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó wúkọ́, bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé síta níwájú èrò. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní rárá, mi ò tíì jẹun, ó sì ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ jẹ fún òun.